Èènì ní Ọjà Tlacolula

Ọmọ aláta ni mí. Ìdí àtẹ ata ni ìyá mi ti rí owó ilé ẹ̀kọ́ mi san, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́ ìṣirò kí n tó mọ̀ pé ìṣirò ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ gbé mi dé orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, tí wọ́n sì bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi mi kan ṣoṣo wò, n kò béèrè etí òkun, n kò sì béèrè ààfin àwọn ọba àtijọ́. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ sí ọjà. Àwọn àgbà ló sọ pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Èmi fẹ́ lọ wo ọjà ìyá ẹlòmíràn.

Ìlú Oaxaca ni mo dé sí, ní apá gúúsù Mẹ́síkò. Bí a bá fi etí Yorùbá gbọ́ orúkọ náà, "Wàháká" ni yóò jọ. Olùkọ́ ìtàn kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀ ló gbà mí lálejò, ó sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ó ní bó bá jẹ́ ọjà tòótọ́ ni mo fẹ́ rí, kí á má jókòó sí ìgboro, kí á lọ sí Tlacolula, ìlú kan tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí ìlà-oòrùn Oaxaca.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní àwọn ìlú àfonífojì náà pín ọjọ́ láàárín ara wọn: wọ́n ń ná ọjà Etla ní Ọjọ́rú, ti Zaachila ní Ọjọ́bọ̀, ti Ocotlán ní Ọjọ́ Ẹtì, ti Tlacolula ní Ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó bá ní ẹrù lè máa gbé e láti ìlú kan dé èkejì títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yípo. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá mi lára mu? Ọjà ọrún àti ọjà ìsán ni àwọn baba wa fi ń ka ọjọ́ kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó dé bá wa. Olùgbàlejò mi ní kí àwọn ará Sípéènì tó dé ilẹ̀ wọn, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ọjà àwọn Aztec máa ń pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí a ń gbà ka ọjọ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé àwa máa ń ka ọjọ́ ọjà tó kọjá mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó kọ́ ẹnì kejì. Àgbẹ̀ níláti kórè, ó níláti di ẹrù, ó sì níláti rin ọ̀nà. Ohun tó bí ọjà ní ìhín ló bí i ní ọ̀hún.

Ó tún sọ fún mi pé Bronisław Malinowski, onímọ̀ nípa ìgbé ayé ẹ̀dá tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní àwọn yunifásítì wa, wá sí àfonífojì yìí ní 1940 àti 1941, òun àti Julio de la Fuente tó jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, láti ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ọjà náà ṣe so kọ́ra. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Mo rí i nínú ọkàn mi bí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ayé ń bọ̀wọ̀ fún ṣe ń lóṣòó síwájú obìnrin aláta, tó ń béèrè ohun tí ìyá mi ìbá ti dáhùn láìwo ìwé.

Ọkọ̀ akérò la wọ̀. Ní Santa María del Tule, a kọjá lára igi kan tó wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní kò sí igi tí ara rẹ̀ nípọn tó tirẹ̀ ní gbogbo ayé. Lẹ́yìn èyí, oko àgbàdo ló kù ní apá ọ̀tún àti apá òsì, òkè gbígbẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Olùgbàlejò mi nawọ́ sí iwájú, sí apá ibi tí ìlú Mitla wà. Ó ní nínú ihò àpáta kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Guilá Naquitz ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ṣúkù àgbàdo tó ti lò tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà lọ́nà díẹ̀. Ní 2010, àjọ UNESCO kọ àwọn ihò àpáta agbègbè náà mọ́ àwọn ibi tí wọ́n jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ní ọdún kan náà ni wọ́n kọ oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò mọ́ àwọn àṣà tí kò gbọdọ̀ parun.

"Àgbàdo tí ẹ ń jẹ nílé yín," ó ní, "ará ìhín ni."

Mo dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí a kà yàtọ̀ sí ohun tí a fi ojú rí. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ògì, tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ, tí àwọn baba wa pa àlọ́ lé lórí bí ẹni pé ilé Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí i, àlejò ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ará Potogí ló kó irú rẹ̀ dé etí òkun wa lẹ́yìn tí Columbus ti la ọ̀nà ní 1492. Bẹ́ẹ̀ náà ni ata. Kí ata rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ tó dé, ataare àti ìyèré ló ń ta àwọn baba ńlá wa lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni tòmátì, tí orúkọ rẹ̀ pàápàá ti inú èdè Nahuatl wá, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní "tomatl". Ọbẹ̀ ata tí à ń fi yangàn pé ti wa ni, ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀ dé Mẹ́síkò.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ariwo ọjà ti dé etí wa. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ọjà ìta gbangba bẹ́ẹ̀ ní "tianguis", ọ̀rọ̀ tí wọ́n jogún láti inú èdè Nahuatl. Wọ́n ti fi tapólì bo òpópónà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ pupa àti àwọ̀ ojú ọ̀run ló ń bà lé ojú ènìyàn. Èjìká ń gbá èjìká. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ń kígbe kí á yà fún òun. Obìnrin kan gbé tòlótòló láàyè sí abẹ́ apá bí ẹni gbé ọmọ. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ìlú náà kò jìnnà sí ọjà.

Nínú ilé ọjà gan-an, òórùn búrẹ́dì àti èéfín ẹran ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ẹni tó bá ra ẹran tútù lọ́wọ́ alápatà kò ní í gbé e délé. Àdògán tí ẹyín iná wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, yóò sun ẹran rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sun àlùbọ́sà eléwé àti ata tútù mọ́ ọn, yóò sì jẹ ẹ́ ní ìdúró. Wọ́n ń ta wàrà líle tí wọ́n ká bí ẹni ká òwú. Wọ́n ń ta tlayuda, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ, tí wọ́n yan lórí agbada amọ̀. Wọ́n ń ta tamal, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí háríhá pọ́n, tí wọ́n sì sè. Bí mo ti ń tú ewé rẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ ohun tí yóò ṣe kí ọpọlọ mi tó rántí mọ́ínmọ́ín. Mo tún rí ọlọ àti ọmọ ọlọ tí wọ́n gbẹ́ láti ara òkúta.

Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbàdo náà. Àwa máa ń rẹ tiwa sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan kí a tó lọ̀ ọ́. Tiwọn yàtọ̀: òkúta ẹfun tí wọ́n ti fi iná sun ni wọ́n ń pò mọ́ omi, inú omi yìí ni wọ́n ń se àgbàdo sí títí èèpo rẹ̀ yóò fi bọ́. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti adùn nìkan. Ó ń tú èròjà ara-líle kan sílẹ̀ nínú àgbàdo, èyí tí àìsí rẹ̀ máa ń fa àrùn awọ ara àti ọpọlọ. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù gbé àgbàdo lọ tí wọn kò gbé ọgbọ́n rẹ̀ dání, àrùn náà pa àwọn tálákà tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa: ẹni tó bá gba irúgbìn, kó béèrè ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn abọ́ tí tata kún inú wọn. Tata ni, ẹ kò ṣì mí gbọ́. Wọ́n ti yan án pẹ̀lú iyọ̀, aáyù, ata àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn àlejò òyìnbó tó wà níbẹ̀ ń ya fọ́tò, wọ́n ń fajú ro. Èmi tó ti wa ìrẹ̀ nínú ihò sun jẹ nígbà èwe, tó ti fi abọ́ omi de èsúnsún lábẹ́ iná, mo na ọwọ́. Alátẹ bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ pé kí n tọ́ ọ wò. Ó dùn, ó kan díẹ̀. Alátẹ náà ń pè mí ní "marchante". Mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi irú orúkọ kan náà dá alátẹ lóhùn. Olùgbàlejò mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ló ń jẹ́ ẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí "kọ́sítọ́mà" tiwa náà nìyẹn, tí olùtajà fi ń pe olùrajà, tí olùrajà sì fi ń jẹ́ ẹ padà.

Nígbà tí òùngbẹ mú wa, a jókòó sídìí obìnrin tó ń ta tejate. Àgbàdo àti kòkó ni wọ́n fi ń ṣe ohun mímu yìí, pẹ̀lú kóró èso kan àti òdòdó gbígbẹ. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ pò ó nínú ìkòkò ńlá títí ìfóòfó funfun yóò fi bo ojú rẹ̀. Igbá tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa ni wọ́n fi bù ú fún mi. Olùgbàlejò mi ní láyé àtijọ́, kóró kòkó ni wọ́n ń ná lọ́jà bí owó, bí àwa ṣe ná owó ẹyọ. Mo ronú kan bàbá mi àgbà, tó gbin kòkó títí ó fi kú, tí kò sì mu ohun tí wọ́n fi kòkó ṣe rí. Owó kòkó wà lára ohun tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955; òun ló kọ́ Ilé Kòkó tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1965. Igi àwọn ará ìhín ló rán ìran wa lọ sí ilé ìwé. Mo mu tejate náà tán, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ẹnu lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi kọ ìwé yìí.

Ní òpin òpópónà kan, níbi tí tapólì kò dé mọ́, ìyá arúgbó kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní. Ó wé gèlè aláràbarà. Ata gbígbẹ nìkan ló pàtẹ, òkìtì kékeré mẹ́fà, ata pupa-rúsúrúsú tó hun jọ, tí òórùn èéfín ń ti ara rẹ̀ jáde. Wọ́n ń pè é ní pasilla Oaxaca. Iná ni wọ́n fi ń yan án gbẹ lórí àwọn òkè. Bí òórùn náà ti kàn mí nímú, mo dúró. Àárò ìyá mi ló ń run bẹ́ẹ̀.

Ìyá náà kò gbọ́ èdè Sípáníìṣì púpọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, ló ń ṣe ògbufọ̀. Èdè Zapotec ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Mo tẹ́tí, ara mi sì bù máṣọ: ohùn ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí mo bá gbọ́ Yorùbá láti yàrá kejì tí n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Olùgbàlejò mi ní òótọ́ ni, èdè olóhùn ni Zapotec. Ó ní Benito Juárez, ààrẹ Mẹ́síkò tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọjà àti òpópónà káàkiri, ọmọ Zapotec ni. Wọ́n bí i ní Guelatao ní 1806, ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó wá sí ìlú Oaxaca ní 1818, èdè ìyá rẹ̀ nìkan ló sì gbọ́ dáadáa nígbà náà.

Mo béèrè iye tí òkìtì ata kan jẹ́. Ọmọ náà ní 60 péésò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹnu ọmọ Ìbàdàn yóò sọ. Kí n tó ronú, mo ti ní 30. Ìyá náà wò mí. Ó sọ̀rọ̀ kúkúrú. Ọmọ náà ní 50. Mo ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ, mo gbé ẹsẹ̀ méjì, mo sì bojú wẹ̀yìn bí wọ́n ti í ṣe. A parí rẹ̀ sí 40. Inú mi dùn. Mo wo olùgbàlejò mi kí ó lè kí mi kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Ìyá náà kó ata sínú ọ̀rá. Mo ti ń na ọwọ́ láti gbà á nígbà tó tún na ọwọ́ sí òkìtì mìíràn, tó mú ata mẹ́ta, tó sì fi kún un. Kò sọ nǹkan kan.

"Pilón ni wọ́n ń pè é," olùgbàlejò mi ní. "Ohun tí alátẹ fi ń kún ọjà lẹ́yìn tí owó ti tán."

Mo mọ̀ ọ́n. Èènì ni.

Mo wà ní kíláàsì kẹta girama nígbà tí ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ dúró sí iwájú àtẹ wa ní Ọjà Ọba. Ó ná ata títí ìyá mi fi tà á fún un ní iye tó rà á gan-an, nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, tí ata tútù kò sì ṣeé tọ́jú. Síbẹ̀, ìyá mi bu ẹ̀kúnwọ́ ata kan sí i. Inú bí mi. Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ, mo ní, "Màámi, ẹ kò jèrè kọ́bọ̀, ẹ sì tún fún un ní èènì." Ó ń ká àpò ofífo, kò wo ojú mi. Ó ní, "Àjàní, iye owó ti tán láàárín àwa méjèèjì. Èènì kò sí nínú owó. Èmi fi ń sọ fún un pé mo rí i bí ènìyàn, kí òun náà má gbàgbé ojú mi."

Ọkùnrin náà kò padà wá. Mo kórìíra rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní òpópónà Tlacolula, pẹ̀lú ọ̀rá ata lọ́wọ́, ojú rẹ̀ hàn sí mi kedere, ojú tèmi ni.

A ti rìn díẹ̀ kí n tó dúró. Mo sọ fún olùgbàlejò mi pé mo fẹ́ padà. Mo lóṣòó síwájú ìyá náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì na 20 péésò sí i. Kò gbà á. Ó sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà, ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà ní ìyá àgbà ní àwọn kò tọrọ owó, ata ni àwọn ń tà. Ojú tì mí ju ti ìṣáájú lọ. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un pé ìyá mi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ kò dé ibẹ̀, mo nawọ́ sí ata, mo ní kí ó ta ti 20 péésò fún mi. Nígbà náà ló tó gba owó. Ó ṣa ata, ó ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà jẹ́ pé èyí tó fọ́ ni yóò kó fún mi. Mo san iye tó sọ, n kò ná an. Bí mo ti dìde, ó fi ata kan kún un.

Mo gbé ata náà délé. Mo kó díẹ̀ lọ sí kíláàsì mi, mo pín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ yìí fún wọn: ọ̀rọ̀ àgbàdo, ọ̀rọ̀ tòmátì, ọ̀rọ̀ kòkó, àti ọ̀rọ̀ èènì. Wọ́n ń gbóòórùn ata náà, wọ́n ń sín. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ò ní padà sọ́hùn-ún mọ́. Báwo ni ẹ ṣe máa san èènì yẹn fún ìyá náà?"

Mo ní kí wọ́n gbé ata náà fún àwọn ìyá wọn. N kò tíì rí èsì mìíràn fún un títí di òní.